Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Oríkèé Àgbọ̀n Tí Ń Dunni: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Àgbádárìgì

Ìrora oríkèé àgbọ̀n máa ń gbé aṣọ àìsàn mìíràn wọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe lè sọ pé etí ni ó ń dun òun, wọ́n á sì máa kán oògùn sí i létí. Ó lè sọ pé eyín ẹ̀yìn ni ó ń ro òun, wọ́n á sì yọ eyín tí kò ní ihò kankan. Ó lè sọ pé ẹ̀fọ́rí ni, kí ó sì máa lo oògùn ibà lórí oògùn ibà. Nígbà tí gbogbo èyí bá kọjá tán, ìrora náà á ṣì jókòó síwájú etí níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ibi tí ó ti ń wá.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí ró: ẹ kọ́kọ́ lo ìtọ́jú tí ó ṣe é dá padà, kí ẹ sì fún un ní àkókò tí ó tó, kí ẹ tó gbà fún èyí tí kò ṣe é dá padà. Eyín tí a bá ti yọ kò ní hù mọ́, eyín tí wọ́n bá ti rẹ́ lórí kò ní ga mọ́, oríkèé tí a bá sì ti fi abẹ là kì í padà rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Fún àwa tí a ń gbé láti Àjàrá títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí ilé ìwòsàn ńlá jìnnà sí, ìròyìn ayọ̀ ni pé púpọ̀ nínú ìtọ́jú tí ó ń ṣiṣẹ́ jù ni a lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa.

Ohun tí ó wà níwájú etí

Ẹ gbé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì sí iwájú etí, kí ẹ ya ẹnu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tí ó ń rìn lábẹ́ ìka yín ni orí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Méjì ni oríkèé yìí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, èkíní kò sì lè ṣiṣẹ́ kí èkejì má mọ̀, nítorí pé eegun kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Bí ẹnu bá kọ́kọ́ ń là, orí eegun náà á yí lójú kan. Bí ẹnu bá wá ń là sí i, á yọ̀ síwájú kúrò nínú kòtò rẹ̀. Láàárín rẹ̀ àti eegun orí ni awẹ́ pẹlẹbẹ kan wà bíi tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Bí awẹ́ yìí bá sún síwájú ju bí ó ti yẹ lọ, oríkèé á máa ta kẹ́ nígbà tí a bá ya ẹnu. Bí ó bá há síbẹ̀ tí kò padà, ẹnu lè kọ̀ láti là tán. Síbẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe awẹ́ náà ni ó ń dùn wọ́n bí kò ṣe àwọn iṣan tí ń fa àgbọ̀n, pàápàá iṣan ńlá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èyí tí ó tẹ́ sí ẹ̀bátí.

Oríkèé tí ó ń ta kẹ́ tí kò dunni, tí kò sì há, kò nílò ìtọ́jú. Mo fi dandan sọ èyí nítorí pé ìró náà máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó wà lára wọn láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó, tí kò sì dí wọn lọ́wọ́ oúnjẹ kankan.

Ní ti ohun tí ń fà á, ní ọdún 1934, James Costen, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé eyín ẹ̀yìn tí ó ti yọ àti bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé ni ó fa ìrora àgbọ̀n àti ti etí yìí. Èrò náà gbilẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́ eyín aláìsàn kí eyín wọn lè bára mu, ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e kò gbè é lẹ́yìn. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé ìdí rẹ̀ pọ̀: ìfarapa, àṣà fífún eyín pọ̀ lọ́sàn-án, ìpayínkeke lójú oorun, oorun tí kò tó, ìdààmú ọkàn, làkúrègbé tí ó wọ oríkèé, àti ìrora ọrùn tàbí ẹ̀yìn tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Ó máa ń mú àwọn obìnrin ní ìlọ́po méjì ju àwọn ọkùnrin lọ, pàápàá láàárín ọdún 35 sí 44. Àwọn kan wà tí a kò ní rí ìdí kankan lára wọn, ara wọn á sì tún yá.

Àwọn àmì tí kò gbọ́dọ̀ bá wa nílé

Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n ń fara wé ìrora oríkèé àgbọ̀n, díẹ̀ nínú wọn sì lè pani. Bí ìrora bá mú ní àgbọ̀n nígbà tí ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ agbára, tí àyà ń fún un, tí òógùn tútù bò ó tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọkàn ni kí ẹ fura sí, kí ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Bí ẹnu bá ń pa dé mọ́ra tí ọrùn àti ẹ̀yìn sì ń gan, pàápàá bí ìṣó, ìwọ̀ ẹja tàbí ọkọ́ bá ti ṣe ẹni náà léṣe láìpẹ́, ó lè jẹ́ àrùn ipá tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, kò sì sí ohun tí a lè fi ilé ṣe sí i.

Ẹni tí ó ti lé ní ẹni 50 ọdún tí ẹ̀fọ́rí tí irú rẹ̀ kò ṣe é rí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní ẹ̀bátí, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ bí ó bá ń jẹun lọ, tí awọ orí ń dùn ún bí ó bá ń ya irun, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú fìrí, gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an; òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹ̀bátí lè ti wú, bí wọn kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ojú lè fọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú pẹ̀lú ibà, ọgbẹ́ ẹnu tí ó kọ̀ láti jinná, kókó tí ń dàgbà, ètè tí ó kú tipiri, àti eyín tí kò pàdé mọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn ṣubú lórí ọ̀kadà, gbogbo wọn kò gba ìtọ́jú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àgbọ̀n bá ṣàdédé lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èébì bíi metoclopramide tàbí oògùn àrùn ọpọlọ bíi haloperidol: oògùn náà ni ó fà á, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ tí ń tú u ká kíákíá, nítorí náà ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti fún un.

Ìtọ́jú tí a ń bẹ̀rẹ̀ nílé

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú àmì wọ̀nyẹn, ìsinmi àgbọ̀n ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, inú àwo oúnjẹ sì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ jẹ́ èyí tí kò gba agbára eyín: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí ó jinná dénú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, ẹyin, àti ẹja tútù tí a ti yọ egungun rẹ̀. Àwa tí a ń jẹ òkèlè ní àǹfààní níbí tí àwọn mìíràn kò ní, nítorí pé ẹ̀bà, àmàlà àti fùfú pẹ̀lú ewédú tàbí ilá kì í fẹ́ rírún. Kìkì pé kí òkèlè kéré, kí a má baà máa ya ẹnu gbàgà nítorí rẹ̀. Ẹ gé ẹran wẹ́wẹ́ kí ó tó dé ẹnu, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹun dípò kí ẹ di gbogbo ẹrù lé ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí ó yẹ kí a yàgò fún ni àwọn ohun tí ìlú wa fẹ́ràn jù. Àgbádárìgì jẹ́ ìlú àgbọn, ẹni tí ó bá sì ti dúró níwájú alágbọn lọ́jà Àgbàlàtà mọ bí ó ti máa ń rí: yóò fi ẹ̀yìn àdá gbá èèpo, yóò fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ẹran àgbọn náà jáde, yóò gé díẹ̀ fún oníbàárà kí ó tọ́ ọ wò, yóò sì ju ìyókù sẹ́nu ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti òwúrọ̀ títí ọjà yóò fi tú. Àgbọn gbígbẹ fẹ́ rírún pẹ̀lú agbára àti fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn gan-an ni iṣan tí ó ti rẹ̀ kò lè gbà. A kò ní sọ pé kí alágbọn fi òwò rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó yọ ẹnu rẹ̀ kúrò nínú òwò náà fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè ṣe aláìjẹ àgbọn, kí ó rin ín, kí ó fún omi rẹ̀ sínú ìrẹsì, tàbí kí ó wọ́n ọn sínú gààrí tí ó ti rin dáadáa. Ìrèké, àgbàdo yíyan, kókòrò, ẹ̀pà, obì, orógbó, egungun fífọ́ àti ṣingọ́ọ̀mù wà lójú ìlà kan náà pẹ̀lú àgbọn.

Àwọn àṣà kan tún wà tí wọn kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ wo bí a ti ń fi eyín já igun ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà: àgbọ̀n á yọ síwájú, á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí eyín ọ̀kánkán lè di igun náà mú, eyín á há mọ́ra, orí á sì fà sẹ́yìn lójijì. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lóòjọ́ nínú oòrùn ń gbé ìnira lé oríkèé tí ó ti ń dùn ún. Ẹ fi àlùmọ́gàjí tàbí ọ̀bẹ gé e. Ẹ má fi eyín ṣí ìdérí ìgò, ẹ̀yin aránṣọ ẹ má fi eyín gé òwú, ẹ má sì máa fi orín sẹ́nu láti ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn yóò mú. Ẹ fi omi rẹ orín náà kí ó rọ̀, kí ẹ fi fọ eyín, kí ẹ sì jù ú nù.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìtọ́jú ilé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa kan ara wọn bí a kò bá jẹun tàbí gbé nǹkan mì. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ètè lè pa dé, ṣùgbọ́n kí eyín yà sọ́tọ̀ díẹ̀, kí ahọ́n sì sinmi sí àjà ẹnu lẹ́yìn eyín ọ̀kánkán. Láti mọ ibẹ̀, ẹ pe «n», kí ẹ sì jẹ́ kí ahọ́n dúró níbi tí ó bá wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àwọn ń fún eyín pọ̀: awakọ̀ ń fún un nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Mile 2, akẹ́kọ̀ọ́ ń fún un lórí ìwé, ẹni tí ó ń ronú gbèsè ń fún un lórí ibùsùn. Nítorí náà, ẹ fi òwú pupa so ẹ̀yìn fóònù, tàbí kí ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ojú tí ó bá kàn án máa rán yín létí láti tú àgbọ̀n sílẹ̀, kí èjìká náà sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Á ṣòro ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á mọ́ra.

Ooru dára fún iṣan tí ó le. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sínú omi tí ó gbóná níwọ̀nba, ẹ fún un, kí ẹ sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí ó bá ti ń tutù, ẹ tún un rẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àgbọ̀n gbá nǹkan ni, yìnyín tí a wé sínú aṣọ ni ó yẹ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ooru, ẹ fi òróró tàbí òrí díẹ̀ pa ìka, kí ẹ sì fi ìka méjì ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí iṣan ti ń yọ síta bí ẹ bá há eyín, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bátí. Agbára tí ẹ óò fi rà á kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí ara lè gbà láìfà sẹ́yìn lọ. Robb àti irú rẹ̀ kò burú fún ẹni tí ó bá tù lára, níwọ̀n ìgbà tí kò bá dé ojú, ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ sínsín síwájú etí kò wo oríkèé sàn, ó sì lè mú kòkòrò àrùn wọ ara níbi tí iṣan ìmọ̀lára ojú àti òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí.

Ìdárayá ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ fi ahọ́n kan àjà ẹnu, kí ẹ sì ya ẹnu títí dé ibi tí ahọ́n fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ máa wo àárín eyín ìsàlẹ̀ nínú dígí: bí ó bá ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ìka tọ́ àgbọ̀n sọ́nà kí ó lè wálẹ̀ tààrà. Ìgbà mẹ́fà ni ẹ óò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìgbà mẹ́fà lóòjọ́, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ara bá ti ń tù, ẹ lè fi ìka kan sí abẹ́ àgbọ̀n kí ó máa tako ẹnu díẹ̀ bí ó ti ń là. Ìdárayá tí ó bá ń mú ìrora pọ̀ sí i títí di ọjọ́ kejì ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Bí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ti abẹ́ àgbọ̀n kí ẹnu má baà là ju. Ẹ má fi ikùn sùn, ẹ má sì fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn. Láti mọ̀ bóyá ara ń yá, ẹ to ìka ìfábẹ̀lá, ti àárín àti èyí tí ó tẹ̀ lé e pọ̀ ní òòró, kí ẹ wò ó bóyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wọ àárín eyín ọ̀kánkán òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹnu àgbàlagbà máa ń là tó mìlímítà 40 sí 50. Bí kò bá tó 35, ó ti há nìyẹn. Ẹ fún gbogbo ìtọ́jú yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ní ti oògùn

Oògùn ń fún ìtọ́jú tí a ti sọ lókè láàyè láti ṣiṣẹ́ ni, kò lè dípò rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ bá gbà á lè lo ibuprofen 400mg lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì wálẹ̀ tàbí ikọ́ fée, àti aboyún, kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Paracetamol 500mg ni ó dára jù fún irú wọn, méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí a ń fi pa ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún wà fún ẹni tí inú rẹ̀ kò gba oògùn mímu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré láìkọ orúkọ sí i. Oògùn bíi dexamethasone tàbí prednisolone lè wà nínú rẹ̀, èyí tí ó máa ń mú ara yá lọ́jọ́ kan tí ó sì máa ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń lò ó mọ̀. Tramadol kò yẹ fún ìrora yìí rárá. Fún ìrora tí ó ti pẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, dókítà lè kọ amitriptyline díẹ̀ fún alẹ́. Ìwọ̀nba tí wọ́n ń lò fún ìrora kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù orúkọ rẹ̀ bí ó bá kà á lára páálí.

Bí a bá dé ilé ìwòsàn

Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò ti Àgbádárìgì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀ka eyín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìrora wà níwájú etí, pé ó ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ń jẹun, àti bí ẹnu ṣe ń là sí. Ẹni tí ó wà lórí ètò Ìlera Èkó kí ó mú káàdì rẹ̀ dání, kí ó sì béèrè ohun tí ètò náà yóò san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ síwájú, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ni ẹ ti lè rí dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú. Ẹ jí ní kùtùkùtù, nítorí pé ọ̀nà Mile 2 kì í bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání pẹ̀lú páálí rẹ̀.

Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ yìí yóò fọwọ́ tẹ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti ẹ̀bátí, yóò gbọ́ oríkèé, yóò fi rúlà wọn bí ẹnu ṣe là tó, yóò sì wo eyín dáadáa. X-ray gbogbo àgbọ̀n wúlò láti mọ̀ bóyá eegun ti kán, bóyá oríkèé ti jẹ, tàbí bóyá eyín ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. MRI, ẹ̀rọ mìíràn tí ń ya àwòrán inú ara, ni ó ń fi awẹ́ àárín oríkèé hàn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Kí a tó san án, ẹ béèrè bóyá ohun tí ó bá jáde nínú rẹ̀ yóò yí ìtọ́jú padà. Bí kò bá ní yí i padà, ẹ tọ́jú owó yín.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn BMJ tẹ ìlànà kan jáde fún ìrora oríkèé àgbọ̀n tí ó ti tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú tí ìlànà náà tì lẹ́yìn jù ni ìdárayá àgbọ̀n àti ti ìdúró ara lábẹ́ àbójútó, fífi ọwọ́ tú iṣan àti oríkèé, àlàyé tí ó yé aláìsàn, àti ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá tí ń kọ́ ènìyàn bí a ti í gba ìdààmú àti ìrora mọ́ra. Iṣẹ́ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tí ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń sọ pé inú orí ni ìrora náà wà; ìdààmú ń mú iṣan le, iṣan tí ó le ń dunni, ìrora náà sì ń dá kún ìdààmú.

Ìbòrí eyín tí wọ́n ń fi rọ́bà líle ṣe, tí a ń gbé sẹ́nu sùn, ti gbajúmọ̀ tipẹ́. Ìlànà 2023 náà kò rọ àwọn dókítà láti máa fi í ṣe ìtọ́jú ìrora tí ó ti pẹ́, nítorí pé ẹ̀rí àǹfààní rẹ̀ kò lágbára. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ń payín keke lóru títí eyín rẹ̀ fi ń jẹ lè lò ó láti dáàbò bo eyín náà, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wọn ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, tí ó bo gbogbo eyín òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Èyí tí ó bo eyín díẹ̀ péré lè mú kí eyín yòókù sún kúrò ní ipò wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ rẹ́ eyín yín, kí òun yọ eyín tí ó lera, tàbí kí òun fi wáyà tún gbogbo eyín tò nítorí ìrora oríkèé nìkan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ gba ìmọ̀ràn dókítà mìíràn.

Bí àgbọ̀n bá yẹ̀

Èyí yàtọ̀. Orí eegun á yọ síwájú kọjá ibi tí ó yẹ, á há síbẹ̀, ẹnu á sì wà ní lílà tí kò ṣe é pa dé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 lórí aláìsàn 96 ní Nàìjíríà, yíyán ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ó fà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá ẹni náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí a má sì fi tipátipá ti àgbọ̀n sókè. Ẹ fi aṣọ mímọ́ gba itọ́ tí ń dà, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí pé bí ó bá ti ń pẹ́ ni iṣan ń le sí i. Dókítà yóò fi aṣọ wé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, yóò gbé wọn lé eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, yóò tẹ àgbọ̀n sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà sẹ́yìn, títí orí eegun yóò fi padà sínú kòtò rẹ̀. Láti ayé Hippocrates, oníṣègùn ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìkì, ni ọ̀nà yìí ti wà. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ rírọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹni náà má sì ya ẹnu ju ìka méjì lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ń yẹ̀ lemọ́lemọ́ gbọ́dọ̀ rí oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú.

Abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ

Abẹ́rẹ́ Botox, oògùn tí ń mú iṣan dẹ̀, tí wọ́n ń gún sí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń gbajúmọ̀ nílùú Èkó. Ẹ̀rí pé ó ń wo ìrora yìí sàn kò tíì tó, owó rẹ̀ pọ̀, iṣan tí wọ́n bá sì ń gún un sí léraléra máa ń joro. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Fún oríkèé tí awẹ́ rẹ̀ há tí ẹnu kò sì là, fífi omi ìṣègùn fọ inú oríkèé wà. Dorrit Nitzan, oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú ní Ísírẹ́lì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde ní 1991: abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n ń gún sínú oríkèé, omi á gba ọ̀kan wọlé, á sì gba èkejì jáde. Kò gba kí a la ara, ó sì ti ran àwọn kan lọ́wọ́ láti ya ẹnu, ṣùgbọ́n fún ìrora tí ó ti pẹ́, ìlànà 2023 kò fi í sí ipò àkọ́kọ́.

Ṣíṣí oríkèé sílẹ̀ àti pípààrọ̀ rẹ̀ wà fún àwọn tí eegun wọn ti bàjẹ́ gan-an, tí kókó hù sí nínú oríkèé, tàbí tí oríkèé wọn ti lẹ̀ pọ̀. Ìtàn ti kọ́ wa láti ṣọ́ra níbi yìí: ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fi ohun àtọwọ́dá tí a fi Teflon, irú rọ́bà kan, ṣe dípò awẹ́ oríkèé fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Amẹ́ríkà; ó fọ́ sínú oríkèé wọn, ara wọn sì kọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ eegun tí ó wà ní àyíká rẹ̀, títí àwọn aláṣẹ fi gbà á kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Oríkèé tí ó lẹ̀ pọ̀ yìí ni kí àwọn òbí fiyè sí. Ọmọ tí ó fi àgbọ̀n lulẹ̀ láti orí igi tàbí lórí kẹ̀kẹ́, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún fún ìgbà pípẹ́, lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kí oríkèé sì máa lẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora kankan; ẹnu á máa kéré, àgbọ̀n kò sì ní dàgbà bí ó ti yẹ. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ fún X-ray bí ìṣubú náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣooṣù fún ọdún kan, ẹ ní kí ó to ìka mẹ́ta ti ọwọ́ ara rẹ̀ sáàárín eyín rẹ̀. Oṣù tí ó bá di ìka méjì ni kí ẹ gbé e padà lọ.